Ọkọ̀ ti gúnlẹ̀, ilẹ̀ ṣì ń mì: Òòyì tó ń tẹ̀lé arìnrìn-àjò wálé

Ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú yín rí, àmọ́ ẹ lè má mọ orúkọ tẹ́ ẹ máa pè é. Ọ̀rọ̀ òòyì tó máa ń ṣẹ́ kù lára èèyàn lẹ́yìn tó bá ti rìnrìn-àjò dé ni, pàápàá ìrìn-àjò orí omi.

Ẹ jẹ́ ká fi màmá kan ṣe àpẹẹrẹ. Màmá yìí ń gbé ní Simawa, ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Houston lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ránṣẹ́ sí i pé kó wá sinmi lọ́dọ̀ òun. Nígbà tó débẹ̀, ọmọ ní ìyá òun ti jìyà tó lórí òun, ó yẹ kó jayé díẹ̀. Ló bá mú màmá lọ sí èbúté Galveston, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́, àwọn ọkọ̀ ńláńlá tó dà bíi hòtẹ́ẹ̀lì tó ń léfòó lórí òkun. Ọjọ́ méje ni wọ́n lò lórí omi. Èébì gbé màmá díẹ̀ lọ́jọ́ kìíní àti ìkejì, lẹ́yìn náà ara rẹ̀ balẹ̀, ó jẹ, ó mu, ó sì ya fọ́tò tó máa fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ tó sọ̀ kalẹ̀ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ń mì. Ó wọ bàlúù padà sí Ìkẹjà, wọ́n fi mọ́tò gbé e gba òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn wá sílé. Nínú mọ́tò yẹn, kò sí ohun tó ń ṣe é. Àmọ́ bó ṣe wọ yàrá rẹ̀ tó ní kí òun fẹ̀yìn lélẹ̀, ńṣe ni bẹ́ẹ̀dì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò bí ìgbà tó wà láàárín agbami. Ó dìde dúró, ó dà bíi pé orí fóòmù ló ń tẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ kan, kò lọ.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé e. Ẹnì kan ní ibà ni, ó ra oògùn ibà wá. Ẹlòmíì ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí màmá ń lò ló fà á, kó dá a dúró ná. Ẹnì kẹta mú abẹ́rẹ́ wá láti ṣọ́ọ̀bù oògùn. Ẹnì kẹrin rọra sọ ọ́ sétí àbúrò màmá pé omi ló ń pè é. Ní gbogbo àsìkò yìí, màmá kò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, nítorí ẹ̀rù ń bà á kó má lọ ṣubú.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Òòyì tó ń tẹ̀lé èèyàn ti inú ọkọ̀ wálé kì í sábà ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá. Ohun tá a bá ń ṣe sí i láìmọ̀dí, oògùn tí kò yẹ, oògùn tó yẹ tá a dá dúró, dídùbúlẹ̀ gbalaja láti àárọ̀ dalẹ́, àti ṣíṣubú ní balùwẹ̀, àwọn wọ̀nyẹn ló ń ṣèèyàn léṣe. Ìdí nìyẹn tá a fi ní ká jọ tú ọ̀rọ̀ náà wò.

KÍ LÓ Ń ṢẸLẸ̀ GAN-AN?

Ká tó lè dúró láìṣubú, ẹlẹ́rìí mẹ́ta ló ń bá ọpọlọ wa sọ̀rọ̀ nígbà gbogbo. Ojú ni ìkíní. Ìkejì ni àtẹ́lẹsẹ̀, oríkèé àti iṣan ara, tó ń sọ bí ilẹ̀ tá a dúró lé ṣe rí. Ìkẹta wà nínú etí lọ́hùn-ún, níbi tí ọwọ́ kò lè dé. Etí kì í ṣe fún ìgbọ́ràn nìkan o. Nínú etí kọ̀ọ̀kan, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tó tẹ̀ kọrọdọ wà níbẹ̀ tí omi kún inú wọn. Tá a bá yí orí, omi náà á ṣàn, ọpọlọ á sì mọ̀ pé a ti yí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn òkúta wẹ́wẹ́ kan wà bí iyanrìn, àwọn ló ń jẹ́ ká mọ̀ bóyá à ń lọ síwájú, à ń lọ sókè tàbí à ń lọ sísàlẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti pọn omi rí, tẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ yí korobá náà po, ẹ máa rí i pé tí korobá bá dúró, omi inú rẹ̀ kò ní tíì dúró. Bó ṣe rí nínú etí nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí ọmọdé tó bá ń pòòyì ṣeré fi máa ń ṣubú lẹ́yìn tó bá ti dúró.

Nínú ọkọ̀, àwọn ẹlẹ́rìí mẹ́ta yìí kì í fẹnu kò. Tẹ́ ẹ bá jókòó sí yàrá inú ọkọ̀ ojú omi, ojú á ní, “A jókòó jẹ́ẹ́, ògiri kò mì.” Etí á ní, “Irọ́ ni, à ń lọ sókè sódò.” Ọpọlọ kò ní mọ èyí tó máa gbà gbọ́. Ibẹ̀ ni òógùn tútù ti ń yọ, tí itọ́ ń kún ẹnu, tí inú ń rú, tí èébì á sì dé. Bó ṣe ń rí náà nìyẹn fún ẹni tó jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn nínú dánfó tó ń wo fóònù rẹ̀.

Àmọ́ ọpọlọ máa ń kọ́ ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lórí omi, ó ti mọ bí ìgbì ṣe ń wá. Kí ìgbì tó gbé ọkọ̀ sókè, ó ti ní kí ara múra sílẹ̀ dè é. Ìdí nìyẹn tí èébì màmá wa fi dáwọ́ dúró. Wàhálà ibẹ̀ ni pé nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ọpọlọ kò tíì gbàgbé ẹ̀kọ́ náà. Ó ṣì ń múra de ìgbì tí kò sí mọ́. Ó dà bí ẹni tó ru ẹrù wúwo láti Simawa dé Ṣàgámù: tó bá ti sọ ọ́ kalẹ̀, yóò ṣì máa ṣe é bíi pé ẹrù wà lórí rẹ̀.

Nítorí náà, ìyá yín kò ya wèrè, omi kò pè é, ẹnikẹ́ni kò sì fi nǹkan ṣe é. Ọpọlọ rẹ̀ ló ṣì wà lórí òkun.

Ọ̀RỌ̀ YÌÍ TI WÀ TIPẸ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà díẹ̀, ẹ máa rántí ìgbà tó jẹ́ pé ọkọ̀ òkun ni àwọn èèyàn wa fi ń lọ sílùú òyìnbó. Láti 1951 títí di 1974 ni ọkọ̀ Aureol ti ilé-iṣẹ́ Elder Dempster fi ná ọ̀nà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó sì ń gúnlẹ̀ sí Apapa. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ń lò lórí omi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì àti àwọn ìyàwó tó ń lọ bá ọkọ, ọ̀pọ̀ wọn ló bì láàárín ọ̀nà, tí ilẹ̀ sì ń yí wọn lẹ́sẹ̀ nígbà tí wọ́n dé èbúté.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ náà. Horatio Nelson, ọ̀gágun ojú omi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń yangàn, tó kú lójú ogun Trafalgar ní 1805, òkun ń kó èébì bá a ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Àwọn tó ń lọ sí òfurufú lọ́hùn-ún pàápàá, tí wọ́n bá padà sáyé, wọ́n ní láti tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró àti bí wọ́n ṣe ń rìn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dójú tì yín.

Kò sì dìgbà tẹ́ ẹ bá lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹni tó gba Ogijo lọ sí Ìkòròdú láti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó, lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ń ru ọ̀sà, ó lè ní ìrírí rẹ̀. Ẹni tó jókòó sínú bọ́ọ̀sì láti òru mọ́jú, tó ń bọ̀ láti òkè ọya, òun náà lè rí i.

ỌJỌ́ MÉLÒÓ LÓ YẸ KÓ LÒ?

Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, wákàtí díẹ̀ ni. Fún àwọn mìíràn, ọjọ́ kan sí méjì. Tí ẹ bá sùn dáadáa, tẹ́ ẹ jẹun, tẹ́ ẹ sì rìn káàkiri, ó máa lọ fúnra rẹ̀.

Àwọn díẹ̀ wà tí kò ní lọ fún bọ̀rọ̀. Tó bá ti kọjá ọjọ́ méjì, àwọn dókítà ti ní orúkọ tí wọ́n ń pè é. Èdè Faransé ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, mal de débarquement, ìyẹn ni pé àìsàn ìsọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó lè gba oṣù, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ó lé ní ọdún kan. Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe, pàápàá àwọn tó wà lágbedeméjì ọjọ́ orí.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n? Àmì mẹ́ta ni kẹ́ ẹ máa wò:

1. Ó bẹ̀rẹ̀ kété tí ìrìn-àjò parí, láàárín ọjọ́ méjì tẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀.

2. Mímì ni, kì í ṣe yíyí. Ó ń ṣe yín bíi pé ẹ wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ ń lọ síwá sẹ́yìn tàbí sókè sódò. Kì í ṣe pé yàrá ń yí po lójú yín.

3. Tẹ́ ẹ bá wọ mọ́tò tó ń rìn, ó máa ń dínkù tàbí kó lọ pátápátá. Tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, á tún padà dé.

Àmì kẹta yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ rántí màmá wa tí ara rẹ̀ balẹ̀ láti Ìkẹjà dé Simawa. Òòyì mìíràn, mọ́tò ló máa ń dá kún un. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ má ṣe kàn sọ pé, “Òòyì ń kọ́ mi.” Ẹ sọ fún un pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí omi dé, ẹ sì sọ bí ara yín ṣe ń rí nínú mọ́tò. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, ó lè má ronú lọ síbẹ̀, nítorí gbogbo àyẹ̀wò etí àti fọ́tò inú orí tí wọ́n bá ṣe, kò ní fi ohunkóhun hàn. Ibẹ̀ ni àwọn ará ilé ti máa ń sọ pé aláìsàn ń díbọ́n. Kò díbọ́n o.

KÌ Í ṢE GBOGBO ÒÒYÌ NI TI ỌKỌ̀

Pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn-àjò dé kò ní kí nǹkan mìíràn má ṣe yín. Àwọn òòyì mìíràn tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn àgbà nìyí:

Èyí tó ń wá nígbà tẹ́ ẹ bá yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Tẹ́ ẹ bá yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tẹ́ ẹ gbójú sókè láti mú nǹkan lórí àjà, tí gbogbo yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í yí bìrìbìrì, tó sì dáwọ́ dúró kí ìṣẹ́jú kan tó pé, àwọn òkúta wẹ́wẹ́ inú etí tá a sọ lẹ́ẹ̀kan ló kúrò ní àyè wọn. Èyí kì í fẹ́ oògùn rárá. Dókítà Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ John Epley ló fi hàn pé tí wọ́n bá gbé orí aláìsàn sí oríṣiríṣi ipò lẹ́sẹẹsẹ, àwọn òkúta náà á padà sí àyè wọn. Dókítà etí, imú àti ọ̀fun lè ṣe é láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan.

Èyí tó ń wá nígbà tẹ́ ẹ bá dìde. Tójú yín bá ṣókùnkùn nígbà tẹ́ ẹ dìde lórí àga tàbí bẹ́ẹ̀dì, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ yín ló lọ sílẹ̀ lójijì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn tó ń mú kéèyàn tọ̀, àti àwọn oògùn kan tí àwọn bàbá ń lò nítorí àìlètọ̀ dáadáa lè fà á. Àìmu omi tó nínú ìrìn-àjò pẹ̀lú lè fà á. Ẹ má ṣe dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra yín. Ẹ lọ kí wọ́n wọn ìfúnpá yín ní ìjókòó, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n ní ìdúró, kí dókítà sì pinnu ohun tó yẹ.

Èyí tí abẹ́rẹ́ fà. Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa. Abẹ́rẹ́ gentamicin tí wọ́n ń gún kiri ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, àti abẹ́rẹ́ streptomycin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ, lè ba ibi tó ń jẹ́ ká dúró déédéé nínú etí jẹ́ títí ayé. Ewu rẹ̀ pọ̀ jù fún àgbàlagbà àti ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Oògùn quinine náà máa ń fa òòyì àti kí etí máa hó. Ṣé ẹ wá rí i báyìí? Ẹni tí òòyì ọkọ̀ ń ṣe, tó lọ gba abẹ́rẹ́ láìṣàyẹ̀wò, ó lè fi òòyì ọ̀sẹ̀ kan ra èyí tí kò ní lọ mọ́.

Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tí kò jẹun lásìkò, àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀, òòyì lè kọ́ àwọn náà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa fi hàn.

Ẹ MÁ ṢE DÚRÓ: ÀWỌN ÀMÌ TÓ FẸ́ ỌSIBÍTÙ LÓJÚ ẸSẸ̀

Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú òòyì, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kọ́ nìyẹn mọ́, ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀:

• Tí ẹnu bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kú tìpìrì.

• Tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ lẹ́nu, tàbí tí oúnjẹ kò ṣe é gbé mì.

• Tí èèyàn bá ń rí nǹkan kan ní méjì.

• Tí orí fífọ́ tó le gan-an bá dé lójijì, irú èyí tí kò ṣe é rí.

• Tí kò bá lè dúró tàbí rìn rárá láìjẹ́ pé wọ́n dì í mú.

• Tí etí kan bá di lójijì.

• Tó bá dákú, tàbí tí àyà ń dùn ún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Simawa, Mowe, Ogijo àti agbègbè rẹ̀, ọsibítù ìkọ́ni Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ wà ní Ṣàgámù. Ẹ má ṣe dúró kí ilẹ̀ mọ́, ẹ má sì kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni lọ. Nínú ọ̀rọ̀ rọpárọsẹ̀, wákàtí mélòó kan àkọ́kọ́ ló ń sọ bóyá èèyàn á tún padà rìn.

OHUN TÓ YẸ KẸ́ Ẹ ṢE NÍLÉ

Ẹ máa rìn. Èyí ni oògùn tó ju oògùn lọ. Ọpọlọ kò lè mọ̀ pé ilẹ̀ ti dúró tí ẹsẹ̀ kò bá tẹ ilẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ ò jẹ́ kó kọ́ ẹ̀kọ́ tuntun nìyẹn, ẹsẹ̀ yín náà á sì máa rọ. Ní àárọ̀ kí oòrùn tó mú, ẹ rọra rìn yí ilé ká, kí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ mú ọ̀pá dání tí ẹ bá fẹ́. Ẹ máa wo òkèèrè, ibi igi ọ̀pẹ tàbí òrùlé ilé kan tó jìnnà, ẹ má ṣe tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ yín.

Ẹ ṣe eré ìdárayá díẹ̀. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ na àtàǹpàkò yín síwájú, ẹ tẹjú mọ́ ọn, kẹ́ ẹ wá máa yí orí yín sí ọ̀tún àti òsì díẹ̀díẹ̀ láìgbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ẹ ṣe é fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Nígbà tó bá ti mọ́ yín lára, ẹ dúró sí ìtòsí ògiri, ẹ so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tí agbára yín gbé. Ó lè jẹ́ kí òòyì náà pọ̀ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe àmì búburú. Àmọ́ tó bá pọ̀ kọjá àlà, ẹ sinmi. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ fisiọtẹ́rápì ní ọsibítù ńlá lè kọ́ yín ní èyí tó bá ara yín mu.

Ẹ sùn dáadáa, ẹ sì máa mu omi. Àìsùn, àárẹ̀ àti ìrònú máa ń dá kún mímì yìí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Amẹ́ríkà dé, oorun rẹ̀ ti dàrú tẹ́lẹ̀, nítorí nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́ níbí, òru ṣì ni lọ́hùn-ún. Ẹ dín kọfí kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn obì, a mọ̀ pé ilẹ̀ Rẹ́mọ la wà, ilé obì gbàǹja, àmọ́ ohun tó wà nínú kọfí tó ń gbé oorun lọ náà ló wà nínú obì. Ẹ jẹ́ kó mọ sí àárọ̀.

Ẹ tún ilé ṣe nítorí ìṣubú. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin là ń bá wí. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì kékeré tó ń yọ̀ kúrò nílẹ̀. Ẹ nu omi tó wà ní ilẹ̀ balùwẹ̀. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí àwọn òbí yín, nítorí iná lè lọ nígbàkigbà, nínú òkùnkùn sì ni òòyì yìí ti máa ń le jù, torí pé ojú tó jẹ́ ẹlẹ́rìí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tí òòyì ń kọ́ bẹ̀rẹ̀ sórí kànga láti fa omi. Kò gbọ́dọ̀ gun àkàsọ̀, kò gbọ́dọ̀ wa mọ́tò, kò sì gbọ́dọ̀ jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà. Àgbàlagbà tó bá ṣubú tí egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, ìyà tó máa jẹ ju ti òòyì lọ fíìfíì.

Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ OÒGÙN

Àwọn oògùn tí wọ́n ń tà nítorí èébì ọkọ̀, bíi promethazine tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Phenergan, àti cinnarizine tí wọ́n ń pè ní Stugeron, kí èèyàn tó wọ ọkọ̀ ni wọ́n wúlò jù. Mímì tó kù lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ kì í sábà gbọ́ tiwọn. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé wọ́n ń mú oorun wá, wọ́n lè dá àgbàlagbà nídàárú, wọ́n lè jẹ́ kí ìtọ̀ há fún bàbá tó ti ní ìṣòro ìtọ̀ tẹ́lẹ̀. Cinnarizine tí àgbàlagbà bá ń lò lójoojúmọ́ fún oṣù púpọ̀ lè jẹ́ kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí ara sì gan. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di oúnjẹ.

Tí mímì náà bá ti kọjá oṣù kan, dókítà lè fún yín ní oògùn tó ń mú ọpọlọ balẹ̀ níwọ̀nba. Òun nìkan ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́, nítorí irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè di bárakú. Ìrètí sì wà: ní 2014, àwọn dókítà ní Mount Sinai ní New York gbé ìtọ́jú kan jáde tí kò ní oògùn nínú. Wọ́n mú aláìsàn 24 tó jẹ́ pé mímì ọkọ̀ kò fi sílẹ̀, wọ́n ń mi orí wọn díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wo ìlà tó ń rìn lára ògiri. Àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn ló rí ìtura. Ìtọ́jú yìí kò tíì kárí ayé, àmọ́ ó jẹ́ ká mọ̀ pé ọpọlọ tó kọ́ ẹ̀kọ́ òkun lè kọ́ ti ilẹ̀ padà.

Ẹ̀YIN ỌLỌ́MỌ

Láti bí ọmọ ọdún méjì sí méjìlá ni ọkọ̀ máa ń yọ ọmọdé lẹ́nu jù. Ọmọ tó bá ń bì nínú mọ́tò, ẹ má ṣe nà án, ẹ má sì bú u, kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ jókòó tì í síbi fèrèsé, kó máa wo iwájú, kó má ṣe máa fi fóònù ṣeré. Ẹ mú ọ̀rá àti aṣọ ìnujú dání. Tó bá bì, ẹ fún un ní omi díẹ̀díẹ̀, ẹ má ṣe fún un ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kò gbọ́dọ̀ lo promethazine rárá, nítorí ó lè dá èémí rẹ̀ dúró. Ọmọ tó bá sì ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ rìn lẹ́yìn tí ìrìn-àjò ti parí, tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tí orí ń fọ́ ọ, ọsibítù ló yẹ kẹ́ ẹ gbé e lọ.

KẸ́ Ẹ TÓ TÚN WỌ ỌKỌ̀

Nínú mọ́tò, iwájú ló dára jù fún àgbàlagbà, ìlà ẹ̀yìn ló burú jù. Nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá, ẹ ní kí ọmọ yín gba yàrá tó wà láàárín gbùngbùn ọkọ̀, tó sún mọ́ ìsàlẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni kì í mì púpọ̀. Tí inú bá ń rú yín, ẹ jáde síta, ẹ wo ibi tí omi àti ojú ọ̀run ti pàdé. Ojú àti etí yín á tún fẹnu kò.

Ẹ má ṣe rìnrìn-àjò pẹ̀lú ebi, ẹ má sì jẹ àjẹkì. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín díẹ̀ ti tó. Ìkọ́kọrẹ́ elépo rẹpẹtẹ, ẹ fi sílẹ̀ di ìgbà tẹ́ ẹ bá dé. Ata ilẹ̀ tútù tẹ́ ẹ gé wẹ́wẹ́ sínú omi gbígbóná ń ran àwọn kan lọ́wọ́ nítorí inú rírú, àmọ́ ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo oògùn èébì ọkọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ apòògùn tó kàwé rẹ̀, ẹ sì sọ gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀ fún un.

Ẹni tí mímì bá ti bá jà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí, kó mọ̀ pé ó lè padà tó bá tún wọ ọkọ̀ ojú omi. Kò túmọ̀ sí pé kò gbọ́dọ̀ rìnrìn-àjò mọ́ láyé. Kó bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ ọ́ ni. Ọmọ tó bá fẹ́ fi ìyá rẹ̀ gbafẹ́, ọ̀nà mìíràn tí kò gba orí òkun kọjá pọ̀.

Ní ti màmá wa tá a fi bẹ̀rẹ̀, bí ẹ bá ní irú rẹ̀ nílé, ẹ mọ ohun tó kù báyìí. Ẹ kó àwọn oògùn tí kò yẹ kúrò níwájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó padà sídìí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ pẹ̀lú ìmọ̀ràn dókítà. Ẹ wo àwọn àmì ewu tá a kà sílẹ̀, bóyá ọ̀kankan wà níbẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ fà á lọ́wọ́ dìde, kẹ́ ẹ jọ rìn dé ẹnu ọ̀nà. Lọ́la, ẹ rìn dé ilé kejì. Díẹ̀díẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ á mọ̀ pé òun ti dé Simawa.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ìrìn-àjò yín á máa já sí ayọ̀.